Ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ kò tó ra ọ̀dà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra ọ̀dà ìmọ́ṣọ̀n (emulsion, ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri) tí wọ́n fún ní ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí owó rẹ̀ jẹ́ ìdajì èyí tí akunlé yín dárúkọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe jẹun n'Íbàdàn, mo sì ti ha ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú kúrò lára ògiri àwọn oníbàárà títí apá fi ro mí.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ìràwọ̀ náà. "Ó tètè dé." "Àwọ̀ rẹ̀ wù mí." Ọjọ́ tí ọjà dé ọwọ́ wọn ni wọ́n kọ ọ́, òjò kò tíì pa ògiri náà, ọmọ kò sì tíì fi ọwọ́ elépo kàn án. Ẹni tí mo máa ń wá ni ẹni tó padà wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tó ń bú ọ̀dà náà, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Bó bá ní láti ìsàlẹ̀ ògiri ló ti ń ṣí, ó lè jẹ́ omi ilẹ̀ ló ń gùn ún bọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ náà yẹ kó gbẹ tó oṣù kan, torí sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ ojúlówó ọ̀dà pàápàá.

Ohun tó ń mú ọ̀dà wọ́n ni titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun tó ń bo ojú ògiri, àti gọ́ọ̀mù tó ń dì í mú. Ẹni tó fẹ́ ta á lówó pọ́ọ́kú á dín méjèèjì kù, á fi òkúta funfun lílọ̀ dí àlàfo. Nítorí náà, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì wúwo kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀dà inú rẹ̀ dára. Òkúta náà wúwo.

Ẹ ra gálọ́ọ̀nù lítà 4 péré. Ẹ fi ọ̀dà dúdú fa ìlà sára pákó, kó gbẹ, kí ẹ fi èyí tí ẹ rà kun orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìlà náà bá ṣì ń hàn ketekete, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni ẹ máa rà níbi tí ẹyọ kan ìbá tó, ibo wá ni ẹ̀dínwó wà? Ẹ kun díẹ̀ sára ògiri yín náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi aṣọ tútù dúdú nù ún dáadáa. Bó bá yí aṣọ náà funfun, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tó. Bó bá ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ dá a padà fún wọn.

Òjé (lead), irin olóró, ni ojú àti imú kò lè mọ̀, inú ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé ló sì máa ń wà jù. NAFDAC ní kó má ju 90 ppm lọ, ìyẹn ìpín 90 nínú mílíọ̀nù kan. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì ní kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé. Ẹ wo ara agolo bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí òjé. Ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára fèrèsé yín ńkọ́? Ẹ má ha á ní gbígbẹ, torí òjé lè wà nínú eruku rẹ̀. Ẹ fi omi rin ín ná, kí àwọn ọmọ sì kúrò ní yàrá náà títí ẹ ó fi nu gbogbo eruku rẹ̀ tán.