Sẹ́tìn mi ò dé gbogbo fáìlì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Emacs, ètò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù àti ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ni mò ń lò. Mo kọ (setq tab-width 4), ìyẹn pé kí táàbù kan fẹ̀ tó àlàfo mẹ́rin, sínú init.el, fáìlì sẹ́tìn tí Emacs máa ń kà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tí mo bá ṣí fáìlì míì, 8 náà ló ṣì ń lò. Fáìlì kan tún wà tí mo fẹ́ kó máa lo 2. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Setq yẹn ló fà á. tab-width wà lára àwọn sẹ́tìn tí Emacs máa ń yà sọ́tọ̀ fún bọ́fà kọ̀ọ̀kan (ibi tí Emacs ń kó ọ̀rọ̀ fáìlì tẹ́ ẹ ṣí sí) téèyàn bá ti fi setq yí i padà, torí náà 4 tẹ́ ẹ kọ yẹn, bọ́fà tó wà níbẹ̀ nígbà tó ń ka init.el nìkan ló mọ sí. Ẹ lo (setq-default tab-width 4), ìyẹn ló máa kárí. Ti fáìlì kan yẹn, inú ẹ̀ gan-an lẹ máa kọ ọ́ sí, lórí ìlà àkọ́kọ́: -*- tab-width: 2 -*- (ẹ fi àmì kọ́mẹ́ǹtì ṣíwájú ẹ̀ o, kí kóòdù yín má lọ dàrú), kẹ́ ẹ wá pa á kẹ́ ẹ tún un ṣí. Tí Emacs bá sì bi yín bóyá kó gba sẹ́tìn tó wà nínú fáìlì ẹlòmíì, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ y, pàápàá tẹ́ ẹ bá rí eval níbẹ̀, torí ìyẹn lè mú kí kóòdù ẹlòmíì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín.