Mo gbé FreeRTOS (ètò kékeré tó ń pín àkókò chip fún iṣẹ́ púpọ̀) sórí bọ́ọ̀dù STM32F4, kò kọjá vTaskStartScheduler, ìpè tó ń bẹ̀rẹ̀ pípín náà. Kí ló fà á?

Orúkọ handler (kóòdù tí chip máa ń sá lọ bá bí interrupt, ìyẹn ìpè òjijì, bá dé) ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. SVC_Handler, PendSV_Handler àti SysTick_Handler ni fáìlì startup mọ̀. vPortSVCHandler, xPortPendSVHandler àti xPortSysTickHandler ló wà nínú port.c, fáìlì tó so FreeRTOS mọ́ chip. Ẹ fi #define mẹ́ta so wọ́n pọ̀ nínú FreeRTOSConfig.h, kí ẹ sì pa àwọn tó wà nínú stm32f4xx_it.c rẹ́, kí linker (irinṣẹ́ tó ń so fáìlì kóòdù pọ̀) má bàa figbe ta pé orúkọ kan wà níbi méjì. Láìṣe bẹ́ẹ̀, SVC àkọ́kọ́ (ìpè tí FreeRTOS fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́) á já sí Default_Handler, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa yí po. Port ARM_CM4F (èyí tó wà fún Cortex-M4 tó ní FPU) ni kí ẹ lò, pẹ̀lú àṣẹ compiler -mfloat-abi=hard àti -mfpu=fpv4-sp-d16.

Bó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó kú, ẹjọ́ priority (ipò tí interrupt kọ̀ọ̀kan wà) ni, òun ló sì ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lágara jù. Lórí Cortex-M, irú core tó wà nínú STM32, nọ́ńbà tó kéré ló lágbára. 0 sì ni interrupt kọ̀ọ̀kan máa ń ní bí ẹ kò bá yí i padà. Bí configMAX_SYSCALL_INTERRUPT_PRIORITY (ààlà àwọn interrupt tó lè pe FreeRTOS) bá jẹ́ (5 << 4), interrupt tó bá ń pe xQueueSendFromISR gbọ́dọ̀ wà láàárín 5 sí 15, bíi NVIC_SetPriority(USART2_IRQn, 6). Ẹ jẹ́ kí configASSERT, àyẹ̀wò tó ń dá ètò dúró bí nǹkan bá ṣì, wà níbẹ̀. Òun ló máa tètè tú àṣírí àṣìṣe priority yìí. Bí ẹ bá ń lo HAL (àkójọ kóòdù ilé-iṣẹ́ ST), ẹ gbé tíìkì rẹ̀, ìyẹn aago tó fi ń ka àkókò, lọ sórí timer mìíràn bíi TIM6 bí chip yín bá ní i, torí FreeRTOS ti gba SysTick.