Ta ló ni Bet365 gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí Bet365, iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà ló ni ín, mo ní rárá, ìdílé kan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre o. Ìdílé Coates ló ni ín, ní Stoke-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Peter Coates tó jẹ́ bàbá ló ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin, Denise, ló rí i pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lowó ń lọ, ló bá ra orúkọ bet365.com lórí eBay ní $25,000 lọ́dún 2000, ni wọ́n bá fi àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn dúró ní báńkì Royal Bank of Scotland, wọ́n yá £15 mílíọ̀nù. Ọkàn wọn mà le o, torí ká ní kò wọlé ni, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn! Inú ilé alágbèéká kan níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sáìtì náà ní 2001. Nígbà tó di 2005, wọ́n ta àwọn ṣọ́ọ̀bù fún Coral, iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ mìíràn, ní £40 mílíọ̀nù, wọ́n sì san gbèsè.

Lójú tèmi, tẹ́tẹ́ tí èèyàn ń ta nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ lọ́wọ́ ló gbé wọn sókè jù. Ìdílé yìí náà ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stoke City. Owó iṣẹ́ Denise nìkan lọ́dún tó parí ní March 2020 lé ní £420 mílíọ̀nù, ẹ lọ sọ ìyẹn fún ọ̀rẹ́ yín.