Rédíétọ̀ kún, ẹ́ńjìnnì ṣì ń hó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀ bọ́ọ̀sì mi, bí mo bá ti ń gun òkè Mọ́kọ́lá, géèjì ìgbóná á fò sókè, á tún já wálẹ̀ lójijì. Omi kún, hítà ń fẹ́ tútù. Mẹkáníìkì ní ká yọ thermostat (ohun tó ń ṣí, tó sì ń dí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì bó bá ṣe gbóná sí) dànù. Ṣé kí n gbà?
Dẹ́rẹ́bà, Ìwó Road

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà. Afẹ́fẹ́ ló há sọ́nà omi. Hítà tó ń fẹ́ tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń gbóná ló tú àṣírí rẹ̀. Pọ́ǹpù kì í lè ti afẹ́fẹ́ bó ṣe ń ti omi, ni omi bá dúró sójú kan, tó ń hó. Bí afẹ́fẹ́ bá sì bo ibi tí géèjì ti ń wọn ìgbóná, irọ́ ni géèjì á máa pa.

Bí ẹ bá yọ thermostat, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, á máa jẹ epo, afẹ́fẹ́ yẹn á sì wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí mẹkáníìkì yín wò ni ihò kékeré ara thermostat náà, èyí tí irin bíńtín ń mì nínú rẹ̀. Òkè ló gbọ́dọ̀ wà, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kí thermostat tó ṣí, ní nǹkan bíi 82°C sí 88°C. Ọ̀pọ̀ ló ń dè é sódì.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ẹ gbé imú ọkọ̀ kọjú sí òkè (òkè ò wọ́n wa n'Íbàdàn), kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ẹ fa háńbírékì, kí ẹ fi òkúta há táyà. Ẹ yí hítà sí gbígbóná, ti ẹ̀yìn náà bó bá wà. Ẹ wá rọra da coolant (oògùn omi rédíétọ̀) tí ẹ ti fi omi mímọ́ lú, ìdajì sí ìdajì, kí ẹ máa fi ọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè bí ẹ ṣe ń dà á. Bí lítà 8 bá jáde tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ 5 péré ló wọlé, afẹ́fẹ́ ló gba àyè 3 tó kù.

Ẹ ṣíná sí i láì dé ìdérí. Bí thermostat bá ṣí, omi á lọ sílẹ̀ lójijì; ẹ fi kún un. Ẹ tẹ accelerator níwọ̀nba, àmọ́ ẹ rọra tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná á tú jáde. Ìgbà tí ìfófòó bá dáwọ́ dúró tí hítà sì gbóná ni kí ẹ tó dé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún wò ó kí ẹ tó ṣíná.

Bí ìfófòó ò bá dáwọ́ dúró rárá, ẹ fura sí top gasket (ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀).

ÌBÉÈRÈ: Ṣé omi lásán ò tó ni?

ÌDÁHÙN: Kò tó. Ìpáàrà ló ń mú wá, ìpáàrà á sì dí rédíétọ̀. Ẹ wo rọ́bà ìdérí náà. Bó bá ti gé, omi á tètè hó. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn ní Àràròmí, Agodi Gate, nọ́ńbà pressure tó wà lórí rẹ̀, bíi 0.9 tàbí 1.1, gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu.