Ẹ Bi Wá Léèrè: Wọ́n Na Ọmọ Mi, Balógun Ikọ̀ Ń Gbóṣùbà Fún Un

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester la wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mẹ́tàdínlógún, ń gbá squash, eré tí wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ògiri, fún kílọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa, òun ni nọ́ńbà 5, ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn márààrún tó ń gbá líìgì. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ikọ̀ tó wà lókè tábìlì ló wá bá wọn nílé. Wọ́n na nọ́ńbà 1 wa ní géèmù 3-0 (ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ géèmù 3 ló borí), wọ́n na nọ́ńbà 2 3-1, nọ́ńbà 3 wa na tiwọn 3-1, nọ́ńbà 4 na tiwọn 3-2, ó wá ku ọmọ mi tó pẹ́ dé torí lẹ́sìnnì, wọ́n sì nà án 3-2, géèmù tó kẹ́yìn 11-9. Ó sunkún nínú mọ́tò títí a fi délé. Àmọ́ balógun ikọ̀ ń dì mọ́ ọn pé póíǹtì 9 làwọn rí lálẹ́ yẹn. Ní líìgì wọn, géèmù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá jẹ, póíǹtì kan, ikọ̀ tó bá borí lápapọ̀ á gba 5 sí i. Wọ́n ti gbá ìdíje 9 ní sáà yìí, 4 péré ni wọ́n borí, síbẹ̀ wọ́n wà lókè ikọ̀ kan tó borí 5. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fọ̀rọ̀ dídùn tan ọmọ mi báyìí?
— Màmá Nọ́ńbà 5, Manchester

Màmá, ẹ kú àmójútó ọmọ. Wọn ò tàn án rárá, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò ẹ̀. Nọ́ńbà 1 ò mú nǹkan kan wá, nọ́ńbà 2 mú 1, nọ́ńbà 3 àti 4 mú mẹ́ta-mẹ́ta, ó di 7, ibẹ̀ ni ọmọ yín wá fi 2 tiẹ̀ lé e tó fi di 9. Àwọn àlejò jẹ géèmù 12, wọ́n gba 5 ti ìborí, 17 ni wọ́n gbé lọ. Ká ní ọmọ yín ti jọ̀wọ́ ara ẹ̀ nígbà tó rí i pé ẹni yẹn le, tó jẹ́ kí wọ́n na òun 3-0, 7 ni tiyín ì bá dúró sí. Mi ò ní purọ́ fún yín o, géèmù tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ká ní ó jẹ ẹ́ ni, 10 pẹ̀lú 5, 15 ni ẹ ò bá ní, tàwọn àlejò ì bá sì dúró sí 11. Ó mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìdí tó fi sunkún nìyẹn, ẹkún ẹni tó mọ eré ni, ẹ má bá a wí sí i.

Ti tábìlì wá ńkọ́? Tí ikọ̀ yín bá ń kó bíi 9 bọ̀ nínú ìdíje márùn-ún tí wọn ò borí, 45 nìyẹn, a ò tíì ka èyí tí wọ́n borí o. Ikọ̀ kejì tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mẹrin, tó bá jẹ́ 3 ni wọ́n ń rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, 12 péré ni. Ìborí kan tí wọ́n fi jù yín lọ, kódà kí àwọn márààrún jẹ 3-0, kò lè mú ju póíǹtì 20 wá. Ohun tó gbé yín sókè nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Balógun ikọ̀ ò lè to àwọn èèyàn bó ṣe wù ú, bí agbára wọn bá ṣe rí ló gbọ́dọ̀ tò wọ́n, ẹni tó le jù ló máa wà ní 1, kò lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí 5 kó máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Nọ́ńbà 5 ló ń pàdé nọ́ńbà 5, géèmù tọ́mọ yín bá sì jẹ, bákan náà ló ṣe wúwo pẹ̀lú ti nọ́ńbà 1. Ó máa ń dùn mí gan-an táwọn èèyàn bá dìde lọ mu nǹkan nígbà tí nọ́ńbà 5 bá wọ kóòtù, bíi pé eré gidi ti parí, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni alẹ́ yẹn ti lè yí padà.

Ẹ sọ ìtàn Ross Norman fún un. Ará New Zealand ni, Jahangir Khan ti Pakistan ti nà án láìmọye ìgbà, ìdíje 555 ni Jahangir sì gbá láti 1981 láìsí ẹni tó nà án, àfi ìgbà tí wọ́n pàdé ní àṣekágbá World Open, ìdíje squash àgbáyé, ní Toulouse ní 1986, tí Norman yìí kan náà wá nà án. Nínú ìdíje tó kù, kí ọmọ máa ka géèmù, tí wọ́n bá tiẹ̀ ti jẹ ẹ́ ní 2-0, póíǹtì ṣì wà nínú ìkẹta. Kóòtù sì ti ń tutù lásìkò yìí, kó rí i pé bọ́ọ̀lù gbóná dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí bọ́ọ̀lù alámì yẹ́lò méjì yẹn kì í ta tó bá tutù, ẹni tó bá kánjú lè fi géèmù àkọ́kọ́ tọrẹ.

Ẹ̀gbọ́n, ní kílọ́ọ̀bù wa n'Íbàdàn, àwọn bàbá ń ka géèmù dé 9, àwa ń kà á dé 11, ìjà ni lójoojúmọ́. Ta ló jàre?
— Ọ̀dọ́ Onírákẹ́ẹ̀tì, Ìbàdàn

Àbúrò, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn bàbá nìyẹn, wọn ò ṣì í. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ń sáàfù, ìyẹn ẹni tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, nìkan ló lè rí póíǹtì, tí kì í bá ṣe ìwọ lo sáàfù, tó o sì borí, sáàfù nìkan lo gbà, èèyàn lè làágùn títí kó ṣì wà ní 3-3. Láti 2009 ni World Squash Federation ti ní kó jẹ́ 11, gbogbo bọ́ọ̀lù ló ní póíǹtì, tó bá di 10-10 ẹ máa bá a lọ títí ẹnì kan á fi fi méjì ju ìkejì lọ. Líìgì àti ìdíje, 11 ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ eré ìrọ̀lẹ́ lásán, bá àwọn bàbá kà á dé 9, wàá rí i bí èèyàn ṣe ń ní sùúrù lórí kóòtù.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbá bọ́ọ̀lù, ó ń lọ tààrà sí ògiri iwájú, ló bá ba ẹni tá a jọ ń gbá lẹ́yìn. Ó ní lẹ́ẹ̀tì ni, ká tún un gbá. Líìgì wa ò ní rẹfirí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán ló ń ka póíǹtì fún wa, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ta ló ni póíǹtì?
— T., Peckham

Ìwọ ni. Tó bá ń lọ tààrà sí ògiri iwájú, tó sì máa wọlé dáadáa, stroke ni, póíǹtì ẹ ni. Tó bá jẹ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ ló fẹ́ kọ́kọ́ bà, lẹ́ẹ̀tì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bákan náà, tó bá jẹ́ pé o yí ara ẹ po kó o tó gbá a, lẹ́ẹ̀tì ni. Àmọ́ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn tó o bá rí i pé ó wà níwájú ẹ, má gbá a rárá, dúró kó o béèrè, wọ́n á fún ẹ ní stroke náà láì nà án ní bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù yẹn kéré débi pé ó lè wọ ihò ojú èèyàn, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ ra awò tó ń dáàbò bo ojú.