Kí ẹ tó wá owó skírìnì tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkè-Fíà, nílùú Òṣogbo, tí mo ti ń bá àwọn ọmọ kọ fọ́ọ̀mù ilé ìwé. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Windows 10 ló wà nínú rẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo bá ti ṣí Chrome, ọ̀rọ̀ á máa gun orí ara wọn. Mẹ́nù tí mo ti pa dé ò ní kúrò lójú, àfi tí mo bá gbé mọ́óṣì kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní skírìnì ti kú, ó ní kí n wá owó skírìnì tuntun. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mówó jáde. Skírìnì ò mọ ibi tí mọ́óṣì wà. Bó bá jẹ́ òun ló kú, mẹ́nù yẹn ò ní máa wá mọ́ọ́ṣì kó tó kúrò.

Nígbà tí rúdurùdu náà bá wà lójú, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti PrtSc pọ̀. Àwòrán ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà á wọ inú Pictures, nínú fódà Screenshots. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kí ẹ wò ó níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì gun ara wọn lórí fóònù, inú kọ̀ǹpútà ló ti bàjẹ́ wá, skírìnì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bó bá mọ́ kedere, ọ̀gbẹ́ni yẹn lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ ẹ ní kó kọ́kọ́ yẹ wáyà tó gba ọrùn láptọ́ọ̀pù kọjá wò.

Driver ni èmi ń fura sí, kì í sì í ṣe dẹ́rẹ́bà Ọláìyá o! Chrome kì í tún gbogbo ojú ìwé yà ní gbogbo ìgbà. Ibi tó yí padà nìkan ló ń tún yà, bí aláró tó ń fi aró kun ibi tó ṣá lára aṣọ. Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán ló ń gbé iṣẹ́ náà fún, driver sì ni ògbufọ̀ wọn. Chrome ń di tuntun léraléra, ẹ lè má tilẹ̀ mọ̀. Driver inú tòkunbọ̀ lè má tíì yí padà láti òkè òkun. Ògbufọ̀ wá ń fo gbólóhùn, ohun àná ò kúrò lójú.

Ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún Chrome, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà System. Ẹ pa “Use graphics acceleration when available”, kí ẹ tẹ Relaunch. Ẹ parí fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o. Bí ojú ìwé bá mọ́, ọwọ́ ti tẹ olè. Fídíò lè máa fà díẹ̀, fáànù lè máa pariwo, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ò ní ṣòro kọ.

Tí ẹ bá fẹ́ wá driver tuntun, ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń polówó pé àwọn á tún gbogbo driver ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sá fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo Display adapters nínú Device Manager, ibi tí Windows ti ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí; orúkọ ẹ̀yà tó ń ya àwòrán ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Intel HD Graphics 3000 lẹ bá níbẹ̀, èyí tó jáde ní 2011, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri: Intel ò ṣe driver Windows 10 fún un. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ pa nínú Chrome wà ní pípa, kí ẹ máa bá àwọn ọmọ kọ fọ́ọ̀mù yín lọ.