Ẹ má tíì tan AC yẹn o

Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ìta tutù dé 50 Fahrenheit ní Chicago, àmọ́ ọbẹ̀ tí ẹ ń sè fún àlejò ti sọ ilé di ààrò, ṣé kí ẹ tan AC? Rárá o. Ọ̀pọ̀ AC tó ń tu gbogbo ilé ni wọn kò ṣe fún ìgbà tí ìta bá wà lábẹ́ 60, ìyẹn nǹkan bíi 15 Celsius.

Bí ìta bá tutù jù, agbára tó ń ti gáàsì kiri inú páìpù á lọ sílẹ̀. Kọ́ìlì inú ilé, ìyẹn páìpù tó ká tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, á wá tutù kọjá ààlà, omi tó yẹ kó máa kán dànù á di yìnyín sí i lára, afẹ́fẹ́ ò sì ní rọ́nà kọjá. Ọ́ìlì inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, náà á ki. Bí gáàsì bá lọ padà débẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ omi, ó lè ba kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jẹ́, owó yẹn kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra, kí ẹ tan fáànù tó ń fa èéfín lókè sítóòfù. Ọ̀fẹ́ ni òtútù ìta.

Tí ẹ bá ti tàn án ṣáájú, tí yìnyín sì ti bo páìpù AC tó nípọn, ẹ pa cool lórí thermostat, ohun tí ẹ fi ń darí AC, kí ẹ fi fan nìkan sí "on" títí á fi yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́ o, irin ara kọ́ìlì fẹ́lẹ́ gan-an.

Tó bá jẹ́ heat pump, irú AC tó tún lè mú ilé gbóná, ni tiyín, ẹ lè tàn án nínú òtútù, àmọ́ láti fi mú ilé gbóná ni.